2^67 − 1: kí ló pín in?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. 67 jẹ́ prime (nọ́ńbà tí 1 àti òun fúnra rẹ̀ nìkan ló lè pín in geere), àmọ́ wọ́n ní 2^67 − 1 kì í ṣe prime. Mo fi 3, 7 àti 11 pín in, kò pín geere. Excel ń gbé 147573952589676000000 jáde. Ṣé iye rẹ̀ gan-an nìyẹn?

Èsì 1: Rárá o. Excel kì í mú ju díjíìtì 15 lọ, òdo ló fi dí ìyókù. Ẹ lo 2**67-1 nínú Python (èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà): 147573952589676412927. Ẹ fi % wo ohun tó ṣẹ́kù. Ẹ má lo /, á gé àwọn díjíìtì ìparí.

Èsì 2: Ẹ fi 3 àti 7 sílẹ̀. Prime tó bá máa pín in gbọ́dọ̀ jẹ́ 134k + 1 (134 ni 2 × 67, k sì jẹ́ nọ́ńbà odindi), tí a bá sì fi 8 pín òun fúnra rẹ̀, 1 tàbí 7 ni yóò ṣẹ́kù. Ìdí nìyẹn tí 269 (k = 2) kò fi yẹ: 5 ló ṣẹ́kù. Ní k = 1445580 lẹ máa bá 193707721. Èkejì ni 761838257287. Lucas, onímọ̀ ìṣirò, ti mọ̀ ní 1876 pé kì í ṣe prime, láìmọ ohun tó pín in. Cole, onímọ̀ ìṣirò mìíràn, ló rí nọ́ńbà méjèèjì ní 1903, láìsí kọ̀ǹpútà!