Èsì: Ṣé “ìṣègbèfábo” ni ká máa pè é?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ láti ọjọ́ Ajé lórí ìbéèrè mi. Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: àwa obìnrin mẹ́rin la ń túmọ̀ àwọn àròkọ tí àwọn obìnrin tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ń kọ, tí wọ́n sì ń pín láàrin ara wọn, láti Amẹ́ríkà títí dé Èkó. Yorùbá la ń tú u sí, nítorí pé àwọn ìyá wa tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù lọ kò lè ka ohun tí à ń kọ nípa wọn. Ibi tí a há sí ni orúkọ. Kí ni ká pe “feminist”, ẹni tó gbà pé ẹ̀tọ́ obìnrin àti ti ọkùnrin dọ́gba? Kí ni ká pe “intersectionality”, èrò pé ìyà tí ènìyàn ń jẹ nítorí pé ó jẹ́ obìnrin àti èyí tó ń jẹ nítorí àwọ̀ rẹ̀ lè wọnú ara wọn?

Ẹ̀gbọ́n wa láti Ilé-Ifẹ̀ ní ká lo “ìṣègbèfábo”, ìyẹn ṣíṣègbè fún abo, pé ó ti wà nínú iṣẹ́ àwọn onílítíréṣọ̀, kí la tún ń wá kiri. Àbúrò wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní “ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin” ni òun ń gbọ́ lórí rédíò. Ẹnì kẹta ní ká fi sílẹ̀ pátápátá, pé ìṣòro òyìnbó ni, kò sí nílẹ̀ wa.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí “ìṣègbèfábo”, nítorí òun ló ń dùn mí jù.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ọ̀kan nínú àwọn àròkọ náà lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí wọ́n ń ta ẹlùbọ́ ní ọjà Bódìjà. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ń kà á sókè láti orí fóònù, wọ́n ń wọn ẹlùbọ́ fún oníbàárà kan. Wọ́n ń gbọ́, wọ́n ń mi orí, wọ́n ń ṣe “hẹn-ẹ́n”. Nígbà tí mo kà á dé “àwa oníṣègbèfábo”, wọ́n gbé kóńgò kalẹ̀. “Oní-kí ni?” Mo tún un kà. Wọ́n ní, “Ṣé àwọn ló sọ ara wọn lórúkọ yìí, àbí ẹni tó ń bá wọn jà ló sọ wọ́n?”

N kò rí ọ̀rọ̀ fún wọn lésì. Ìbéèrè yẹn ni mo gbé délé, òun ni mo sì gbé wá fún yín.

Ẹ wo ibi tí “ṣègbè” ti ń jáde lẹ́nu wa. Adájọ́ tó gba rìbá, a ní ó ṣègbè. Rẹfirí tó rí ẹ̀ṣẹ̀ ẹgbẹ́ kan tó mójú kúrò, ó ṣègbè ni. Olùkọ́ tó ń fún ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní máàkì tí kò tọ́ sí i, ìṣègbè náà ni. Èmi ò tíì gbọ́ ọ níbì kan tó ti jẹ́ ìwà tí a ń yin ènìyàn sí. Ẹni tó ń ṣègbè ti jẹ̀bi kí a tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin yìí wá ń sọ pé wọ́n rẹ́ àwọn jẹ, pé kí a wọ̀n ọ́n dọ́gba. A wá sọ wọ́n lórúkọ tó ní àwọn gan-an ló ń yí òṣùwọ̀n po. Bó bá jẹ́ ọ̀tá wọn ló ń wá orúkọ tí yóò fi bà wọ́n jẹ́, kò lè rí èyí tó yá ju èyí lọ.

“Abo” tún wà níbẹ̀. Abo ewúrẹ́, abo ajá, abo ìbẹ́pẹ. Nínú ìwé sáyẹ́ǹsì, akọ àti abo dára. Ṣùgbọ́n ẹ dé ìdí ìyá yín kí ẹ pè wọ́n ní abo, kí ẹ wo ojú wọn.

Ẹ̀gbọ́n wa ní èdè-ìperí ni, ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ wọn, pé ìtumọ̀ ojoojúmọ́ kì í ká èdè-ìperí lọ́wọ́ kò. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ọ̀rọ̀-orúkọ àti ọ̀rọ̀-ìṣe, nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe kò ní etí tó fi máa gbọ́ ohun tí a pè é. Ènìyàn ni orúkọ tiwa yìí ń dá mọ̀. Ẹni tí a bá sọ lórúkọ gbọ́dọ̀ lè jẹ́ ẹ fúnra rẹ̀, kó dìde láàrin ìpàdé kó ní “èmi ni”. Mi ò rí obìnrin tó máa dìde láàrin ọjà láti ní oníṣègbè ni òun.

Ó ku “ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin”. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án níhìn-ín ni pé “jà” inú rẹ̀ ń sọ obìnrin náà di oníjà. Mo rò pé a ń da ọ̀nà méjì pọ̀. “Ó bá mi jà” yàtọ̀ sí “ó jà fún mi.” Gani Fawehinmi, tó dolóògbé ní 2009, ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn ni gbogbo ìwé ìròyìn Yorùbá ń pè é, n kò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní orúkọ náà sọ ọ́ di alájàngbọ̀n. Tí “jà” bá wá ń bà wá lẹ́rù nígbà tí obìnrin ló jẹ́ ẹ, inú wa ló yẹ ká yẹ̀ wò, ọ̀rọ̀ náà kò ṣe nǹkan kan.

Ohun kan ṣoṣo tó yẹ ká ṣọ́ níbẹ̀ ni ètò ọ̀rọ̀. “Obìnrin ajàfẹ́tọ̀ọ́” ni obìnrin tó ń jà fún ẹ̀tọ́, ẹ̀tọ́ èyíówù kó jẹ́. “Ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin” ni ẹni tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin, ọkùnrin sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí a bá fẹ́ sọ èrò náà fúnra rẹ̀, “ìjàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin” ti tó. Ó gùn díẹ̀, mo mọ̀. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò ní gbé kóńgò kalẹ̀ torí ẹ̀.

Sí ẹni tó ní ìṣòro òyìnbó ni: ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí Abẹ́òkúta. Ní 1946, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti àwọn obìnrin ọjà dá Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò lè máa san owó orí nígbà tí àwọn kò ní aṣojú kankan nínú ìgbìmọ̀ tó ń pàṣẹ rẹ̀. Wọ́n kóra jọ síwájú ààfin, wọ́n kọrin, àwọn agbófinró fi wọ́n sátìmọ́lé, wọ́n tún padà wá. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì kúrò lórí ìtẹ́. Ìyá tó ṣáájú wọn kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ìró àti bùbá ló ń wọ̀ lọ síbi ìpàdé, Yorùbá ló sì ń sọ níbẹ̀, kí àwọn aláṣọ àti oníyọ̀ lè dá sí ọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, èdè wa gbà á. Ohun náà gan-an là ń wá orúkọ fún.

Mo mọ̀ pé ẹni náà lè mú Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí jáde, onímọ̀ nípa àwùjọ tó kọ ọ́ ní 1997 pé ipò àgbà ló ṣáájú ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, pé ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ọmọ, ọba, kò sí èyí tó ń sọ akọ tàbí abo nínú wọn. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn kò sọ ọ́. Ó tiẹ̀ ń gbà wá lọ́wọ́ wàhálà nídìí iṣẹ́ ìtumọ̀, torí ibi tí àwọn olóyìnbó ti ń jà lórí “he” àti “she”, “ó” tiwa kàn kọjá lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n èdè kan náà ló ń yin akíkanjú obìnrin pé “obìnrin bí ọkùnrin”. Ẹ jẹ́ ká gbé méjèèjì sórí tábìlì.

Ó wá kan “intersectionality”. Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ dárúkọ “oríta”, mo sì mọ ibi tí ẹ ti rí i. Kimberlé Crenshaw, amòfin aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tó dá ọ̀rọ̀ náà ní 1989, oríta tí ọkọ̀ ń gbà kọjá ló fi ṣe àpèjúwe: ẹni tó dúró láàrin oríta, ọkọ̀ lè ti ọ̀nà kan wá gbá a, ó lè ti gbogbo ọ̀nà wá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹjọ́ kan ló fi gbé e lẹ́sẹ̀, ó sì yẹ ká mọ ẹjọ́ náà kí a tó mú ọ̀rọ̀.

Obìnrin aláwọ̀ dúdú márùn-ún pe General Motors, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀, lẹ́jọ́ ní ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà. Ṣáájú 1964, iléeṣẹ́ náà kì í gba obìnrin aláwọ̀ dúdú síṣẹ́ rárá. Nígbà tí ọjà dẹnu kọlẹ̀ tí wọ́n fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, wọ́n ní ẹni tó kẹ́yìn dé ni yóò kọ́kọ́ lọ. Gbogbo obìnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n gbà lẹ́yìn 1970 ló sì bá a lọ. Ilé ẹjọ́ dájọ́ ní 1976. Lórí ti obìnrin, ó ní kò sí ẹjọ́, nítorí pé iléeṣẹ́ náà ti ń gba obìnrin síṣẹ́ tipẹ́. Òyìnbó ni àwọn obìnrin ọ̀hún. Lórí ti àwọ̀, ó ní kí wọ́n lọ dara pọ̀ mọ́ ẹjọ́ mìíràn tó ti wà nílẹ̀. Wọ́n ní obìnrin ni àwọn, aláwọ̀ dúdú sì ni àwọn, lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé ẹjọ́ ní òfin kò mọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀.

Pẹ̀lú ẹjọ́ yìí lójú wa, ẹ wo “oríta” lẹ́nu Yorùbá. Ibẹ̀ ni Èṣù wà, ibẹ̀ la ń gbé ẹbọ sí. Ẹni tó bá ní “mo wà ní oríta”, ohun tó ń sọ ni pé òun ò tíì mọ ọ̀nà tí òun máa gbà. Ó sì tún ní ibi tó ń lọ. Oríta kì í ṣe ibùgbé. Àwọn obìnrin márùn-ún yẹn kò ní ọ̀nà kankan láti yà sí. Àwòrán tó ṣe kedere létí Gẹ̀ẹ́sì máa dé etí àwọn ìyá wa bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ọkàn rẹ̀ pín.

“Ìyà àpapọ̀” gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀ rẹ̀ náà kò wù mí. Lọ́nà kìíní, ìjọba àpapọ̀ ti gba ọ̀rọ̀ yẹn, ẹni tó bá gbọ́ ọ lójijì á rò pé ìyà tí gbogbo ìlú jọ ń jẹ là ń wí. Lọ́nà kejì, ìṣirò ni àpapọ̀: ka eléyìí, ka ìyẹn, kí o ro wọ́n pọ̀. Bí ilé ẹjọ́ ṣe ṣe é gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ó ka ti obìnrin lọ́tọ̀, ó ka ti àwọ̀ lọ́tọ̀, kò rí nǹkan kan.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, ìdí òfì ni mo sì dàgbà sí. Bàbá àgbà mi ń hun ẹtù. Ẹtù dúdú bí aró, àmọ́ òwú funfun tín-ín-rín wà nínú rẹ̀ tó ń là á kọjá. Èyí tó nà gbọọrọ wà, èyí tí ọ̀kọ̀ ń gbé lọ gbé bọ̀ láàrin wọn náà wà. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo gbìyànjú láti fa òwú funfun kan yọ lára àjákù aṣọ kan. Gbogbo ibẹ̀ ló ká jọ, tó wú gánnágánná. Mo wò ó, n kò mọ ibi tí dúdú ti pin tí funfun ti bẹ̀rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ohun tí mo mú wá fún yín ni “ìyà ahunpọ̀”. Tí a bá fẹ́ sọ ìmọ̀ náà, “ìhunpọ̀ ìyà”. Obìnrin tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, tó tún jẹ́ tálákà, ẹ ò lè fa ọ̀kan yọ kí ẹ wọ̀n ọ́n lọ́tọ̀. Mo kà á fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi lórí fóònù lánàá láìṣàlàyé, wọ́n ní “ìyẹn ni pé kò ṣeé tú mọ́.” Wọ́n ti gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan lórí “misogynoir”, orúkọ ìkórìíra tí àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ń fojú winá rẹ̀, tí Moya Bailey, ọ̀mọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà, dá, tó sì tẹ̀ jáde ní 2010 láàrin ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé Crunk Feminist Collective. “Ìkórìíra obìnrin dúdú” tí ẹnì kan dábàá kò lè ṣiṣẹ́ nílé wa, nítorí pé obìnrin dúdú nílé ni adúmáradán, ẹni tí kì í ṣe pupa. “Ìkórìíra obìnrin adúláwọ̀” ni ká lò. Ẹ sì jẹ́ ká máa kọ orúkọ Bailey síbẹ̀ nígbà gbogbo. Àwọn ènìyàn lo ọ̀rọ̀ rẹ̀ kiri láìdárúkọ rẹ̀. N kò fẹ́ kí ìtumọ̀ tiwa dá kún un.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí “Me Too”, gbólóhùn tí àwọn tí wọ́n ti fi ìbálòpọ̀ fìyà jẹ rí fi ń sọ pé ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn náà. Tarana Burke, ajàfẹ́tọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, ti ń lò ó láti 2006. Ní oṣù Ọ̀wàrà 2017, nígbà tí òṣèré kan gbé e jáde tí gbogbo ayé gbà á, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ló rán ayé létí ẹni tó ni ín. Àwa ti fi “Èmi náà” tú u, ó sì ń kọ mí lóminú. Tí à ń pín ẹran, ọmọ kékeré á ní “èmi náà ńkọ́?” Burke sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀: ọmọbìnrin ọmọ ọdún 13 kan sọ ohun burúkú tí wọ́n ṣe sí i fún un, kò sì lè sọ fún ọmọ náà pé ó ṣẹlẹ̀ sí òun rí. Kí ni ìyá Yorùbá kan máa sọ fún ọmọ bẹ́ẹ̀? Mo rò pé “ojú tèmi náà rí i” ni. Tí ẹ bá ní èyí tó dára jù ú, ẹ fi ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, nítorí ọjọ́ náà la máa gbé àròkọ yẹn jáde.

Ó ku “ally”. “Alátìlẹ́yìn” wà, àmọ́ alátìlẹ́yìn olóṣèlú ni mo ń gbọ́ nínú rẹ̀, ẹni tí wọ́n fún ní fìlà àti àpò ìrẹsì. Kí la ń pe ẹni tí ìyà kan kò kàn, tó wá dúró ti àwọn tó ń jẹ ẹ́, tó sì ń jẹ́ kí àwọn fúnra wọn sọ̀rọ̀? Mo ń retí yín.