"Iyọ̀ aláró" kọ́: àwọ̀, rírú àti títòrò nínú gẹ́látíìnì

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ti ka àbá tí ọ̀kan nínú wa mú wá lórí ọ̀rọ̀ tí a ó máa fi kọ́ni nípa gẹ́látíìnì (nǹkan tí a ń sè jáde lára awọ àti egungun ẹran, tó máa ń dì tó bá tutù) tí a bu iyọ̀ mẹ́táàlì (iyọ̀ tí mẹ́táàlì bíi bàbà wà nínú rẹ̀) sí. Àbá náà ní kí a pe iyọ̀ tó bá ní àwọ̀ ní "iyọ̀ aláró", kí gẹ́látíìnì tí kò ní àwọ̀ máa jẹ́ "funfun", kí èyí tí a kò lè rí òdìkejì rẹ̀ sì máa jẹ́ "dúdú". Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mi ò fara mọ́.

Ti "aró" yẹn ló ká mi lára jù. Ẹ bi àwọn aláró ní Òṣogbo tàbí ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta. Ẹ̀lú tó ti di búlúù kì í yòrò nínú omi. Iṣẹ́ tí omi eérú àti ìkòkò tó ti kan ń ṣe ni pé wọ́n ń sọ ọ́ di nǹkan mìíràn tó lè yòrò. Ìdí nìyẹn tí aṣọ fi máa ń jáde nínú ìkòkò pẹ̀lú àwọ̀ tó jọ ti ewé tó fẹ́ pọ́n. Afẹ́fẹ́ á wá kàn án, á yí sí búlúù lójú wa, aró á sì di hóró wínníwínní tó há sínú òwú. Tí ẹ bá wo iyọ̀ mẹ́táàlì, òdìkejì èyí lẹ ó rí. Kọ́pà sọ́fétì, ìyẹn iyọ̀ bàbà kan, tí a yan títí omi inú rẹ̀ fi gbẹ tán, funfun báláú ni. Ẹ kán omi sí i, ó di búlúù lẹ́sẹ̀ kan náà. Ṣé a wá fẹ́ fi orúkọ ohun tí kì í yòrò pe ohun tó jẹ́ pé omi ló ń gbé àwọ̀ rẹ̀ jáde?

Ẹ jẹ́ kí a wo kọ́pà sọ́fétì yìí dáadáa. Òun náà ló wà nínú oògùn búlúù tí àwọn àgbẹ̀ kòkó ń fọ́n sígi nítorí àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú, nítorí náà kì í ṣe fún jíjẹ o. Ẹ po gẹ́látíìnì sínú omi gbígbóná, ẹ bu kọ́pà sọ́fétì díẹ̀ sí i, ẹ pín in sí ife méjì. Ẹ gbé ife kìíní síbi tó tutù kó dì. Búlúù ni yóò jẹ́, ẹ ó sì máa rí ìka ọwọ́ yín ní òdìkejì ife. Omi ló pagbo yí bàbà inú iyọ̀ náà ká. Bàbà tó wà láàárín omi bẹ́ẹ̀ ń fa ìmọ́lẹ̀ pupa mu, búlúù sì ni púpọ̀ nínú èyí tó kù tó ń dé ojú wa. Kí ife kejì tó dì, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ da omi sódà kọ́sítíìkì sí i, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ. Àwọ̀ àlùkò ni yóò yí sí. Bàbà kan náà ni, ṣùgbọ́n gẹ́látíìnì fúnra rẹ̀ ló wá dì í mú báyìí, omi ti yẹ̀ fún un. Bí iyọ̀ kóbọ́ọ̀tì, mẹ́táàlì mìíràn, náà ṣe ń ṣe nìyẹn: tó bá rí omi tó pọ̀, pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ni, tó bá gbẹ, ó di búlúù.

"Iyọ̀ aláwọ̀" ti tó fún wọn. Kí a fi aró sílẹ̀ fún ibi tí aró wà ní tòótọ́. Àwọn ayàwòrán ní gẹ́látíìnì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi bo ojú kámẹ́rà, tí wọ́n ń pè ní Wratten, èyí tí Kodak ra ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ní 1912. Aró ni wọ́n fi pa ìyẹn láwọ̀. Gẹ́látíìnì aláró nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn.

Ẹnì kan tún dábàá "iyọ̀ irin" dípò "iyọ̀ mẹ́táàlì". Rárá o. Bàbà, òjé àti fàdákà kì í ṣe irin lẹ́nu àgbẹ̀dẹ, iyọ̀ irin gan-an sì wà lọ́tọ̀. Kí mẹ́táàlì máa jẹ́ mẹ́táàlì. Bákan náà, gẹ́látíìnì a máa yọ́ tí iná bá rà á. Iyọ̀ a máa yòrò nínú omi. Ẹ má jẹ́ kí a kọ "iyọ̀ tó yọ́" sínú ìwé àwọn ọmọ.

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí jù ni "funfun" àti "dúdú". Èdè wa ti ní ohun tí à ń wá: omi a máa rú, omi a sì máa tòrò. Ẹ fi lé gẹ́látíìnì lórí, ẹ ó rí i pé ó bá a mu wẹ́kú. Gẹ́látíìnì tó tòrò ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá tààrà. Èyí tó rú ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká, nítorí hóró tó wà nínú rẹ̀ ń dá a padà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ kò sí nínú èyí rárá. Gbogbo wa la mọ álọ́ọ̀mù tí wọ́n ń jù sínú omi odò kó lè tòrò. Iyọ̀ mẹ́táàlì ni, kò sì ní àwọ̀ kankan, síbẹ̀ ó ń tún ohun tí ojú ń rí ṣe. Nínú gẹ́látíìnì, ṣe ló ń mú un le, ìdí sì nìyẹn tí àwọn tó ń fọ fọ́tò fi ń lò ó. Sódíọ̀mù sọ́fétì náà kò ní àwọ̀, ṣùgbọ́n tí ó bá pọ̀ jù nínú gẹ́látíìnì, yóò lé e jáde kúrò nínú omi, gbogbo rẹ̀ á sì rú. Tí a bá pe ìyẹn ní dúdú, kí la fẹ́ pe fọ́tò àtijọ́, níbi tí hóró fàdákà inú gẹ́látíìnì ti dúdú ní ti gidi? Fàdákà yẹn náà, tí a bá lọ̀ ọ́ kúnná gidigidi sínú gẹ́látíìnì, àwọ̀ ìyeyè ló ń mú wá.

Àpẹẹrẹ tó fi méjèèjì hàn lẹ́ẹ̀kan ni ti Raphael Liesegang, ará Jámánì, ní 1896. Orí gíláàsì pẹrẹsẹ ló da gẹ́látíìnì tó ní potassium dichromate, iyọ̀ aláwọ̀ ọsàn kan, sí. Ó dì, ó ní àwọ̀ ọsàn, ó sì tòrò. Ó wá kán iyọ̀ fàdákà sí àárín rẹ̀. Bí fàdákà ṣe ń tàn lọ, kò pa gbogbo rẹ̀ láwọ̀ dọ́gba: òrùka lẹ́yìn òrùka ló ń yọ, pupa rẹ́súrẹ́sú, àlàfo sì wà láàárín wọn. Níbi òrùka, iyọ̀ méjèèjì ti pàdé, wọ́n ti di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ibẹ̀ sì rú. Níbi àlàfo, ó ṣì tòrò. Olùkọ́ tó bá fẹ́ ṣàlàyé gíláàsì kan ṣoṣo yìí nílò àwọ̀, rú, tòrò àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, a sì ní wọn nílé.

Ẹnì kan sọ pé rú ń mú ọkàn lọ sí ìlú tó dàrú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a ti ń pe omi ní omi tó rú láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì sí ẹni tó rò pé odò ń jà. "Òrùka Liesegang" ni mo dábàá fún ti ará Jámánì yẹn. Èyí tí mi ò tíì rí orúkọ tó tẹ́ mi lọ́rùn fún ni bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tẹ̀ tó bá wọ gẹ́látíìnì tí iyọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ lápá kan ju apá kejì lọ. Mo ń retí àbá yín lórí ìyẹn.