Ẹ gbà mí o, níbo ni mo ti lè rí kọ̀ǹpútà àtijọ́ 386 tàbí 486 tó ṣì ń ṣiṣẹ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Abẹ́òkúta ni mo wà, apá Ìtòkú, iṣẹ́ ọnà lára aṣọ là ń ṣe, ẹ̀rọ tí bàbá mi fi sílẹ̀ la ṣì ń lò, kọ̀ǹpútà 386 ló ń darí ẹ̀, DOS lásán, kò sí Windows kankan níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá iná ṣàdédé pọ̀ jù, bọ́ọ̀dù bá jó.

Mo wá kọ̀ǹpútà Pentium 3 tòkunbọ̀ kan tó ṣì ní ojú ISA, ihò àtijọ́ tí wọ́n ń ki káàdì bọ̀, torí káàdì ẹ̀rọ yẹn ò lè wọ ihò PCI tó dé lẹ́yìn ẹ̀, àfi "Runtime error 200" tó ń kọ sójú ẹ̀. Wọ́n ní ó ti yára jù, pé sọ́fítíwíà ìgbà yẹn máa ń wọn eré kọ̀ǹpútà kó tó bẹ̀rẹ̀, tí eré ẹ̀ bá ti pọ̀ jù ó máa kú síbẹ̀ ni. Ẹ ò rí nǹkan, èyí tó yá ni ò wúlò! Mo pa cache, ìyẹn ìrántí kékeré tó ń jẹ́ kó yára, nínú BIOS, ibi tí wọ́n ti ń to kọ̀ǹpútà kó tó gbéra, ó gbéra lóòótọ́, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ń gún ibi tí ò yẹ.

Intel ò ṣe 386 mọ́ láti 2007, ní Computer Village n'Ìkẹjà ńṣe ni wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹnì kan ní ògbólógbòó 486 nílé tí ò lò mọ́? Àbí ọgbọ́n míì wà tí mo lè dá?