Ṣé háídrójìn lè gbé iná sólà ẹ̀ẹ̀rùn dé ìgbà òjò?

Olóko_Ìsẹ́yìn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ilé ìpamọ́ ẹ̀fọ́ kan ń lo sólà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bátìrì máa ń kún kó tó di ọ̀sán, iná tó kù a sì ṣòfò. Bó bá di oṣù keje, yúníìtì 5 ló ń dín lójúmọ́, fún bí ọjọ́ 60. Mo fẹ́ fi èyí tó ń ṣòfò fa háídrójìn jáde lára omi, kí n rọ ọ́ sínú sílíńdà gáàsì ìdáná, kí n sì fi fuel cell (ẹ̀rọ tó ń sọ háídrójìn di iná mànàmáná) sọ ọ́ di iná nígbà òjò. Sílíńdà mélòó ló máa gbà? Iyọ̀ ni kí n fi sómi ni àbí kọ́sítíìkì?

Amúnáwá:
Ọ̀gá olóko, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá. Yúníìtì 5 lọ́nà 60 jẹ́ 300 kWh (kWh kan ni yúníìtì kan). Kílò háídrójìn kan ní nǹkan bí 33 kWh nínú, àmọ́ bí ìdajì rẹ̀ ni fuel cell máa sọ di iná. Kílò 18 lẹ nílò nìyẹn. Kílò kan ń jẹ tó 55 kWh kó tó jáde lára omi, fífún un mọ́ inú sílíńdà tún ń jẹ bíi 3. Ẹ ó kó nǹkan bí 1,040 wọlé, ẹ ó rí 300 gbà padà.

Omi kì í ṣe ìṣòro, lítà 9 ló ń lọ sí kílò kan. Ibi tí ẹ máa kó háídrójìn náà sí ni wàhálà wà. Sílíńdà lítà 50 ní bar 200 (bar ni ìwọ̀n bí gáàsì ṣe fún mọ́ra tó), irú ìwọ̀n tí àwọn jórinjórin fi ń gbé ọ́síjìn (ẹ má fi ti ọ́síjìn gan-an ṣe é o), kò gbà ju gíráàmù 720 lọ. 25 lẹ máa tò. Bí ẹ ò bá fún un, tí ẹ fi í sílẹ̀ ní bar 30, táǹkì lítà 7,500 ni.

Sílíńdà gáàsì ìdáná kò ṣe é lò fún èyí rárá. Èyí tó ń gba gáàsì kílò 12.5 kò ní gbà ju gíráàmù 20 háídrójìn ní bar 10. Iná inú rẹ̀ kò tó ìdajì yúníìtì, ẹnu rẹ̀ á sì máa jò.

Oníkẹ́míkà:
Ẹ má fi iyọ̀ síbẹ̀ o! Klórínì ló máa tú jáde, ẹ̀dọ̀fóró ló sì ń bà jẹ́. Potassium hydroxide 25 sí 30% ni ẹ̀rọ alkaline (irú ẹ̀rọ tó ń fa háídrójìn jáde lára omi oníkẹ́míkà) ń lò, pẹ̀lú irin níkẹ́lì. Kọ́sítíìkì ọlọ́ṣẹ lè ṣe é, àmọ́ iná kì í gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa tó bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń ní ìdọ̀tí. Ẹ̀rọ PEM, irú kejì tó ń lo awọ tín-ín-rín, kò fẹ́ kẹ́míkà kankan. Bí ẹ bá fún un ní omi kànga, calcium á wọ inú awọ rẹ̀, fóltéèjì á máa gòkè, háídrójìn ò sì ní pọ̀ sí i.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò ni ojú ọjọ́ tó ṣú. Bí iná tó ń wọ ẹ̀rọ alkaline bá já sísàlẹ̀ bí 20% agbára rẹ̀, ọ́síjìn tó ń jáde á dín, àmọ́ háídrójìn tó ń jò gba inú awọ tó pààlà sáàárín gáàsì méjèèjì sọ́dọ̀ rẹ̀ kò ní dín. Ìwọ̀n háídrójìn nínú ọ́síjìn á wá máa gòkè. Bó bá ti ń sún mọ́ 4%, ó lè gbiná. Ẹ̀rọ tó dáa máa ń pa ara rẹ̀ ní 2%. Ẹ fi bátìrì sáàárín páńẹ́lì àti ẹ̀rọ náà kí iná má baà máa ṣe ségesège.

Àwọn ẹ̀rọ pọ́ọ́kú orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń tú gáàsì méjèèjì jáde lójú ihò kan ṣoṣo ńkọ́? Ẹ má fún un mọ́ inú ohunkóhun. Bọ́ǹbù ni.

Páìpù316L:
Kí háídrójìn tó wọlé, ẹ fi náítrójìn lé afẹ́fẹ́ jáde, kí ẹ fi omi ọṣẹ yẹ gbogbo ojú ìsopọ̀ wò. Òkè ni háídrójìn ń sáré lọ, nítorí náà abẹ́ àjà ni ihò atẹ́gùn àti ẹ̀rọ tó ń ké bí gáàsì bá jò máa wà, kì í ṣe nílẹ̀ bíi ti gáàsì ìdáná. Kó máa ké bí háídrójìn bá ti tó 1% nínú afẹ́fẹ́. Bí háídrójìn bá gbiná, iná rẹ̀ kì í fẹ́ hàn lójú lọ́sàn-án.

Amúnáwá:
Ibi tí irú èyí ti bọ́ sí i ni ibi tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti jẹ́ táǹkì. Ní Teesside ní Ìlú Ọba, láti 1972 ni wọ́n ti ń kó háídrójìn sínú ihò tí wọ́n fi omi gbẹ́ sínú iyọ̀ abẹ́ ilẹ̀. Ní Delta, ní ìpínlẹ̀ Utah l'Amẹ́ríkà, ihò méjì àti eléktrólásà (ẹ̀rọ tó ń fa háídrójìn jáde lára omi) 220 MW ni wọ́n ṣètò fún irú iṣẹ́ yìí. Yúníìtì 5 tiyín kò dé ibẹ̀. Páńẹ́lì 500 W mẹ́rin sí i máa gbé e, kódà lóṣù kẹjọ.

Olóko_Ìsẹ́yìn:
Ẹ ṣé gan-an. Ṣé ínfátà tó wà níbẹ̀ máa gba mẹ́rin náà?

Amúnáwá:
Ẹ wo Voc (fóltéèjì páńẹ́lì nígbà tí wọn ò tíì so nǹkan kan mọ́ ọn) ẹ̀yìn páńẹ́lì, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Bó bá ju iye tí MPPT ínfátà (ẹnu ọ̀nà tí iná páńẹ́lì ń gbà wọlé) gbà lọ, ẹ so wọ́n ní méjì-méjì.