"Iyọ̀ ajílẹ̀" kọ́: ẹ jẹ́ ká wo ètè ọmọ náà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ìjẹ̀bú-Igbó ní ká pe náítíréètì, èròjà tó ń ti inú ajílẹ̀ àti ìgbẹ́ wọ omi kànga, ní "iyọ̀ ajílẹ̀", ká sì pe àìsàn tó ń fà sára ọmọ ọwọ́ ní "àrùn ọmọ búlúù". Ẹlòmíràn ní "oró ajílẹ̀" ló dáa jù. Èmi tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, ìkéde orí rédíò ni mò ń kọ, fún àwọn ìyá ọlọ́mọ láwọn abúlé tó yí Òde Rẹ́mọ ká. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dà mí láàmú.

Ẹ̀gbọ́n ò purọ́. Nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì, iyọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ sọ "iyọ̀" fún ìyá kan, yóò bu omi náà tọ́ wò. Bí kò bá ti gbọ́ iyọ̀ lẹ́nu, ọ̀rọ̀ tán. Bẹ́ẹ̀ náítíréètì inú omi kò ní adùn, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Mo ka ìkéde àkọ́kọ́ létí ìyá àgbà kan ládùúgbò wa, wọ́n ní, "Omi kànga tiwa? Òun la fi ń mu gààrí!" Nílẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, omi tí a bá ti fi ń mu gààrí, ta ló tún fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò?

Oró ńkọ́? Náítíréètì wà nínú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ó tiẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ dáadáa. Ṣé ká wá máa sọ pé tẹ̀tẹ̀ ní oró, lẹ́yìn tí àwọn nọ́ọ̀sì ti bẹ̀ wá títí pé ká máa jẹ ẹ̀fọ́? "Ajílẹ̀" náà sì ní wàhálà tirẹ̀. Àpò fatiláísà ló máa wá sí àgbẹ̀ lọ́kàn. Ẹni tí kò ní oko á ní kò kan òun. Ṣùgbọ́n ṣáláńgá ẹ̀gbẹ́ kànga àti ìgbẹ́ adìẹ tí a kó jọ sẹ́yìn ilé ń ṣe iṣẹ́ kan náà: òjò á rọ̀, á fọ̀ ọ́ wọ ilẹ̀, kànga tí kò jìn ni yóò sì kọ́kọ́ kàn.

Lójú tèmi, kí náítíréètì máa jẹ́ náítíréètì. A gba fítámì wọlé, ilé ò wó. Orúkọ àìsàn yẹn ni ká jà lé lórí.

Ọ̀dọ̀ òyìnbó ni "ọmọ búlúù" ti wá. Lọ́dún 1945, Hunter Comly, dókítà kan ní Iowa, Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń fi omi kànga po wàrà fún, tí ara wọn wá ń yí àwọ̀ dà. Lára ọmọ òyìnbó, búlúù náà hàn kedere. Lára ọmọ tiwa ńkọ́? Dúdú, pupa àti funfun ni òpó àwọ̀ nínú èdè wa, abẹ́ dúdú sì ni búlúù sábà máa ń bọ́ sí. Bí a bá sọ fún ìyá pé ara ọmọ rẹ̀ ń dúdú, yóò bi wá bóyá ó yẹ kó funfun ni. Ètè, èékánná àti àtẹ́lẹwọ́ ló ti lè rí i. Ìdí nìyí tí mo fi dábàá "àrùn ètè aró".

Ẹnìkan ti kọ sí mi pé aró ti dú jù. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, kì í ṣe búlúù ojú ọ̀run! Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní "ètè eérú" ni kí n lò, torí pé lára aláwọ̀ dúdú, ó máa ń rí bí eérú nígbà mìíràn. Ó kù díẹ̀ kí n gbà. Àmọ́ bí ọyẹ́ bá dé, ètè ta ni kì í rí bí eérú?

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara nìyí. Nínú ikùn ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, kòkòrò ń sọ náítíréètì di náítíráìtì. Èyí ló ń wọ ẹ̀jẹ̀, tó ń ba irin inú rẹ̀ jẹ́ tí kò fi lè gbé ọ́síjìn mọ́. Ẹ̀jẹ̀ náà á wá ní àwọ̀ obì tó ti gbẹ. Náítíréètì, náítíráìtì: ẹ gbọ́ ọ lórí rédíò tí bátìrì rẹ̀ ti ń kú, kí ẹ sọ ìyàtọ̀ fún mi. Mo ti yọ èkejì kúrò.

Èyí tó le jù ni "sè". Lédè wa, omi tí a bá ti sè ti di omi tó dáa. Ìkéde onígbáméjì ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀, wọ́n sì jàre, torí iná ń pa kòkòrò. Náítíréètì kì í ṣe kòkòrò. Bí omi ṣe ń gbẹ lórí iná ni tirẹ̀ ń ki sí i, bí ọbẹ̀ tó gbẹ ṣe máa ń níyọ̀ jù. (Níbí, mo fún ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú-Igbó ní máàkì.) Álọ́ọ̀mù náà ò lè mú un kúrò. Ẹ wá ro ti ìkòkò àgbo ọmọ, tí a ń bu omi lé lójoojúmọ́, tí a ń sè, tí a tún ń sè. Ohun tí mo kọ ni: "Sísè kì í lé e lọ. Ọmú nìkan ni kí ẹ fún ọmọ títí oṣù mẹ́fà." Náítíréètì kì í fi bẹ́ẹ̀ gba inú omi ọmú kọjá.

"Gbèdéke" ni mo lò fún ìwọ̀n náítíréètì tí kò yẹ kó kọjá, mílígíráàmù 50 nínú lítà omi kan, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ìlànà omi mímu Nàìjíríà ti ọdún 2007 fi lélẹ̀. "Ààlà" tí ẹnìkan dábàá ń mú mi rántí ẹjọ́ ilẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé ìyẹn kì í tán ní Ìjẹ̀bú.

Ọjọ́ Sátidé la ó gba ohùn sílẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju "ètè aró" lọ, kó fi ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ sọ ọ́ létí ìyá kan tó gbé ọmọ dání, kó sì wo ibi tí ojú ìyá náà yóò kọ́kọ́ lọ lára ọmọ.