Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́ni mẹ́fà ní Nebraska

Ẹ kú ìjókòó o. Mo ti ka ohun tí ẹ̀yin òbí tí ẹ wà ní Houston àti Maryland kọ nípa bọ́ọ̀lù ilé ìwé, pé kóòṣì ní àyè ti kún, kí ọmọ yín máa lọ ilé. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbé mi dé ìgbèríko ìpínlẹ̀ Nebraska ní Amẹ́ríkà, oko àgbàdo lọ́tùn-ún, oko àgbàdo lósì. Ọmọkùnrin mi kò tíì mọ orúkọ àwọn tíṣà rẹ̀ tán tí kóòṣì fi wá bá mi nílé, ó ń bẹ̀ mí kí n jẹ́ kó wá ṣeré. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, rí!

Kì í ṣe ti ẹni mọ́kànlá tí ẹ ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n o. Mẹ́fà-mẹ́fà ni tiwọn. Tíṣà kan, Stephen Epler, ló dá a sílẹ̀ ní 1934, nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ tí ilé ìwé kéékèèké ò rí ọmọ kó jọ. Ìlú Hebron, ní Nebraska níbí náà, ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbá a. Ilé ìwé méjì para pọ̀ kojú méjì mìíràn, wọ́n sì ta ọ̀mì, 19 sí 19. Wọ́n ṣì ń para pọ̀ bẹ́ẹ̀ di òní.

Pápá wọn kéré, yáàdì 80 ní gígùn, 40 ní ìbú. Gbogbo ọmọ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti há bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù, títí kan èyí tó sanra jù láàárín wọn. Ibẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù. Tí ẹgbẹ́ kan bá ti fi àmì 45 ju ìkejì lọ lẹ́yìn ìdajì eré, ó parí nìyẹn. Wọ́n ti ṣe é fún wa rí. A tètè délé lọ́jọ́ náà.

Àárẹ̀ tiẹ̀ wà níbẹ̀. Ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù náà ni á tún fi aṣọ bọ́ọ̀lù lọ fọn fèrè nínú bándì nígbà ìsinmi, òun náà ni á ṣe eré orí ìtàgé. NSAA, àjọ àwọn ilé ìwé Nebraska tó ń ṣètò bọ́ọ̀lù, ló ń ṣètò ìdíje eré orí ìtàgé náà. Inter-house tiwa, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni!

Ohun tí mi ò fẹ́ ni pé àrọ́pò ò tó. Ẹsẹ̀ ọmọ mi rọ́, ó ní òun á padà wọlé, torí kò sẹ́ni tó máa dúró fún òun. Mo kọ̀. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Dakota àti Montana, báwo ni tiyín?