Ṣé Baldur's Gate 3 dùn tó ariwo rẹ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbá géèmù fídíò yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Láti 2023 tí ilé-iṣẹ́ Larian tó ṣe é ti gbé e jáde ni wọ́n ti ń kan sáárá sí i, ó tilẹ̀ gba àmì ẹ̀yẹ géèmù tó dára jù lọ lọ́dún náà ní The Game Awards. Ìtàn ni mo fẹ́ràn ní tèmi. Wọ́n ní èèyàn lè bá òkú sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ìyẹn sì wù mí gan-an! Ìjà rẹ̀ ló ń kọ mí lóminú: kálukú á máa dúró de àyè tirẹ̀, dáìsì olójú 20 á sì pinnu bóyá idà máa ba ọ̀tá. Ṣé kì í súni tó bá yá? Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìjà wàrà-wàrà bíi tèmi, ṣé ẹ gbá a dópin?